Ọ́ọ̀fù

Kí n tó dé Winnipeg, ibì kan ṣoṣo ni mo ti mọ̀ ọ́n:
lára ògiri, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nílé wa ní Òkèhò,
súwíìṣì tí a ń tẹ̀ kí yàrá lè ṣókùnkùn.
Ọ́ọ̀fù. Ó parí. Kò ní ìtumọ̀ méjì.

Àfi ọ̀sẹ̀ kejì tí mo wọ ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì,
tí Darlene Kowalchuk, ọ̀gá wa, nàka sí ìwé ara ògiri,
ó ní mo wà ní ọ́ọ̀fù ní Ọjọ́rú.
Mo ní ó tán. Wọ́n ti tẹ̀ mí bíi súwíìṣì.
Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí a fi kọjá afárá Odò Pupa,
tí omi rẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ àná.
Olúrántí ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀:
"Ìyá mi, ìsinmi ni wọ́n fún yín."

Mo sinmi. Ṣùgbọ́n mi ò fọkàn tán ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, agogo iná ilé-iṣẹ́ figbe ta
bí ọmọ tí oyin ta lẹ́tí,
Darlene ń sáré, ó ń sọ pé agogo ti lọ ọ́ọ̀fù.
Kí ló lọ? Ohun tó ń han mọ́ mi létí yìí?
Bí iná bá lọ ọ́ọ̀fù, ó kú;
bí agogo bá lọ ọ́ọ̀fù, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí?
A dúró nínú yìnyín, ìyẹ̀fun ní ọwọ́ wa,
kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Wàrà tó kan, ọ́ọ̀fù.
Ìgbéyàwó ọmọ Tesfaye tí kò wáyé mọ́, ọ́ọ̀fù náà ni.
Mo bọ́ ẹ̀wù òtútù. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.
Ẹni tó sì rí jájẹ, wọ́n ní òun náà wà ní ọ́ọ̀fù,
wọ́n kàn fi "dáadáa" síwájú rẹ̀
bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn àgbò.
Ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta, ó ń ṣiṣẹ́ jù mí lọ,
kò sì ní Ọjọ́rú tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nídìí ààrò, mo bu ẹnu àtẹ́ lu èdè wọn.
Mo ní ìkòkò kan lẹ fi ń se gbogbo ọbẹ̀.
Darlene ní, tiyín ńkọ́?
Báwo lẹ ṣe ń sọ pé kí èèyàn tẹ súwíìṣì?
Mo ní, "Pa iná."
Ó ní, "Kí ni pa?"
Mo fẹ́ sọ pé ohun tí à ń ṣe fún adìẹ ni,
ni ẹ̀rín bá pa mí,
torí ebi ń pa mí,
torí mo ti pa owó ọ̀sẹ̀ mọ́ sínú bàtà,
torí òun tó ń bi mí yìí ló ń pàṣẹ fún wa.
Mo pa ẹnu mọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n pe èèyàn mẹ́tàdínlógún jọ.
Ọ́ọ̀fù. Èyí kò ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn.
Darlene ló ka orúkọ, tèmi ṣìkejì,
tirẹ̀ ló kà kẹ́yìn.
Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi délé, ó já mi sẹ́nu ọ̀nà.
Ó ní ìyẹn náà, ọ́ọ̀fù ni.
Ẹ̀rín kò pa ẹnì kankan nínú wa.

Lálẹ́, Mofẹ́yìntolú ọmọ ọmọ mi fa aṣọ dé àgbọ̀n,
ó ní, "Màmá àgbà, ẹ pa àlọ́ fún mi."
Mo pa ọ̀kan. Mo pa èkejì.
Mo wá nawọ́ sí ògiri.
"Ẹ má tíì pa á," ó wí, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé.
Mi ò mọ èwo ló ní lọ́kàn, àlọ́ ni àbí iná.
Mo ṣì dúró bẹ́ẹ̀, ìka mi lórí súwíìṣì.